Àbùdá Gbangba àti Àbùdá Ìkọ̀kọ̀ Nínú Kóòdù Ìkànnì

Ẹ jẹ́ kí a mú ìkànnì kan tí a kọ fún àwọn oníṣòwò tí ń dá àjọ ní Kétu. Object kan (àkójọ ìsọfúnni tí ó wà lábẹ́ orúkọ kan, níhìn-ín ajo) wà nínú kóòdù rẹ̀ fún aláàjọ kọ̀ọ̀kan, tí ó di orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti iye owó tí onítọ̀hún ti dá mú. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni àbùdá rẹ̀. Orúkọ lè wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí owó náà bá wà ní gbangba, ibikíbi nínú kóòdù ni ènìyàn ti lè kọ ajo.owo = -5000, ètò náà yóò sì gbà á láìjanpata.

Nítorí náà ni a ṣe ń sọ owó di àbùdá ìkọ̀kọ̀, tí a ó wá ṣí ọ̀nà méjì péré sílẹ̀, daAjo (fún dídá owó) àti koAjo (fún kíkó o), tí wọn yóò yẹ iye náà wò kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá pinnu lọ́la pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ohun tí ó dín sí 1,000 sẹfà, inú daAjo nìkan ni a ó ti tún un ṣe.

PHP, èdè tí a fi ń kọ ìkànnì, ti ní private, ọ̀rọ̀ tí ń sọ àbùdá di ti ìkọ̀kọ̀, láti ọdún 2004, nígbà tí PHP 5 jáde. Ní ti JavaScript, èdè kóòdù tí ń ṣiṣẹ́ nínú aṣàwákiri (browser), tí ó ti wà láti ọdún 1995, ó pẹ́ tí àwa tí ń kọ ọ́ fi ń lo àmì _ níwájú orúkọ àbùdá, èyí tí kò ju ẹ̀bẹ̀ lọ, nítorí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọdún 2022 ni àmì #, tí a ń fi síwájú orúkọ àbùdá láti sọ ọ́ di ti ìkọ̀kọ̀, wọ inú ìlànà èdè náà: bí ẹ bá kọ ajo.#owo lẹ́yìn òde class rẹ̀ (àwòṣe tí a fi ń ṣẹ̀dá object), aṣàwákiri kò ní ṣí fáìlì náà ṣiṣẹ́ rárá. Ohun tí ó máa ń da àwọn ọ̀dọ́ láàmú ni pé bí wọ́n bá gbàgbé #, tí wọ́n kọ ajo.owo = 5000, àṣìṣe kankan kò ní hàn; àbùdá gbangba tuntun ni yóò yọjú, #owo yóò sì wà bí ó ṣe wà.

Wọ́n máa ń bi mí ní Àjàṣẹ́ bóyá àmì yìí yóò lé olè. Rárá o. Àṣìṣe àwa tí ń kọ kóòdù ni ó ń dènà, nítorí ẹni tí ó bá ṣí irinṣẹ́ inú aṣàwákiri rẹ̀ lè rí iye náà kedere. Ẹ tún kíyè sí i pé JSON.stringify, ọ̀nà tí JavaScript fi ń sọ object di ọ̀rọ̀ tí a lè fi ránṣẹ́, kì í kó àbùdá oní-# dání, tí ó fi jẹ́ pé orúkọ aláàjọ lè dé sáfà (kọ̀ǹpútà tí ń tọ́jú ìsọfúnni ìkànnì náà) kí owó rẹ̀ má dé. Ẹ kọ toJSON, ọ̀nà tí ń sọ ohun tí JSON.stringify yóò kó, sínú class náà bí ẹ bá fẹ́ kí owó náà tẹ̀lé orúkọ, kí sáfà sì tún owó náà ṣírò fúnra rẹ̀ kí ó tó fi pamọ́.