Ọmọ Mọ Ìtàn Náà Dáadáa, Kí Ló Dé Tí Kò Gba Máàkì?

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń ṣe Lítíréṣọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé gírámà, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí irú èyí rí. Ọmọ ka ìwé náà tán. Ó mọ orúkọ gbogbo ẹ̀dá-ìtàn, ó mọ ẹni tó kú, ó mọ ohun tó pa á. Ó wọ ìdánwò, ó kọ ojú ewé mẹ́ta lórí ìbéèrè kan, máàkì 9 nínú 25 ló bá bọ̀. Òbí á ní tíṣà náà le jù. Ọmọ á ní òun kọ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé. Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n ní kó sọ èrò rẹ̀ nípa ìtàn, ìtàn náà ló tún sọ fún wọn.

Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS, mo sì lè sọ pé àsọtúnsọ ìtàn ló ń ba ìdáhùn wọn jẹ́ ju ohunkóhun lọ, ó ju àṣìṣe gírámà lọ dáadáa. Kì í ṣe èmi nìkan ló ń wí bẹ́ẹ̀. WAEC máa ń gbé ìjábọ̀ àwọn olórí àwọn tó ń máàkì jáde lẹ́yìn ìdánwò, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀sùn tó ń padà yọjú níbẹ̀ ni pé wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè, ó pa ìbéèrè tì, ó ń ròyìn ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ náà hàn yín bó ṣe ń lọ nínú kíláàsì. Àyọkà kékeré tí mo kọ fúnra mi ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní SS1, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì ra ìwé lásìkò yẹn, àwọn mìíràn sì ń pín ẹyọ kan kà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù. Bó ṣe máa rí ní Yorùbá nìyí:

“Bàbá wọlé. Ìyá ò gbójú sókè. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó mú òkúta kan, ó jù ú nù. Ó mú òmíràn, ó jù ú nù. ‘Ẹ kú àbọ̀,’ ló wí fún ẹ̀wà inú àtẹ.”

Mo ní kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan ṣoṣo fún mi: báwo ni nǹkan ṣe rí láàrin tọkọtaya yìí? Irú ohun tí mo sábà ń gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí:

“Nínú àyọkà yìí, Bàbá wọlé, ó bá Ìyá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá sì kí i káàbọ̀. Èyí fi hàn pé ìyàwó rere ni, ó ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ rẹ̀. Òǹkọ̀wé lo àwítúnwí láti jẹ́ kí ìtàn náà dùn.”

Ẹ wò ó dáadáa. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́, ìtàn lásán ni, bẹ́ẹ̀ ìtàn náà wà lójú bọ́ọ̀dù, gbogbo wa ló ti kà á. Ẹ̀kẹta sáré jù. Ọmọ náà rí “ẹ kú àbọ̀”, ó rántí ẹ̀kọ́ ilé, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀kẹrin ló dùn mí jù, torí ohun tó rí tọ̀nà. Àwítúnwí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹlòmíràn ò tilẹ̀ rí i. Àmọ́ nígbà tó kù kó sọ iṣẹ́ tí àwítúnwí náà ń ṣe, ó ní ó ń jẹ́ kí ìtàn dùn. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ẹ lè gbé e lọ sínú ìdáhùn nípa ìwé yòówù láyé, á bá a mu. Ohun tó bá bá gbogbo ìwé mu kò tíì sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà níwájú wa.

Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Àwa olùkọ́ ni, pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀kọ́ àfikún. A máa ń fún wọn ní orúkọ ọnà-èdè gbogbo kọ́ sórí, àfiwé, ìfohunpènìyàn, àsọdùn, a ó sì fún wọn ní máàkì bí wọ́n bá dá a mọ̀. A kì í sábà lo àkókò lórí ìbéèrè tó kàn: kí ni ọnà-èdè yìí ṣe fún ẹni tó ń kà á?

Nítorí náà, mi ò kì í fa igi pupa kọjá lára ìpínrọ̀ yẹn. Mo máa ń padà síbi àyọkà, mo á sì bi wọ́n pé: ta ni Ìyá kí? Wọ́n á ní Bàbá ni. Mo á ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n á tún un kà, ẹnìkan á sì ké láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ̀wà ló kí, mà!” Ẹ̀rín á sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀wà? Kí ló dé tó fi ju òkúta nù lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀kan ti tó kí á mọ̀ pé ẹ̀wà ló ń ṣà? Nílé yín, bí bàbá bá ti ìrìn-àjò dé, báwo ni wọ́n ṣe ń kí i? Ọmọ Yorùbá kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé e pé ìkíni tí ojú kò bá lọ, ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn máa ń dé, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹnìkan á ní inú ló ń bí Ìyá. Ẹlòmíràn á ní rárá, ẹkún ló ti sun, kò fẹ́ kí Bàbá rí ojú òun. Mo gba méjèèjì, torí “ò gbójú sókè” lè gbe méjèèjì lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní Bàbá ti fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́, ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: níbo lo ti rí i? Kò sí níbẹ̀. Ó ti kúrò nínú àyọkà, ìtàn tirẹ̀ ló ń pa. Àwọn òbí kan máa ń sọ fún mi pé nínú Lítíréṣọ̀, ohun tó bá wu kálukú ló tọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ lè ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ èyí tí ọ̀rọ̀ inú ìwé kò bá ti lẹ́yìn, a ò ní gbà á.

Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń jiyàn yìí. Mo mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé kan wà tí ọmọ ń san owó ìtanràn, tàbí tí wọ́n ń nà án, nítorí pé ó sọ Yorùbá nínú kíláàsì. Mo lòdì sí i pátápátá. Bí ọmọ bá ní èrò tó jinlẹ̀ tí kò tíì ní Gẹ̀ẹ́sì tí á fi gbé e jáde, tí a sì dí ẹnu Yorùbá mọ́ ọn, èrò náà ni yóò kọ́kọ́ kú. Láti 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èyí hàn ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni èmi ń fún wọn láti fi Yorùbá rò ó pọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá bírò, Gẹ̀ẹ́sì la ó sì fi kọ ọ́, nítorí èdè ìdánwò nìyẹn.

Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lẹ́nu, ìpínrọ̀ kì í ṣòro mọ́. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀rí rẹ̀ láti inú ìwé, àti àlàyé bí ẹ̀rí náà ṣe gbe ohun tí mo sọ. Àwọn òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ wọn tó ń múra ìdánwò GCSE, PEE (Point, Evidence, Explanation) ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìlànà náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu kan: ọmọ á rò pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fún wọn, ó parí. Wọn ò dọ́gba rárá. Àlàyé ló yẹ kó gùn jù. Bí adájọ́ bá rí i tí lọ́yà gbé àdá kalẹ̀ ní kóòtù tó sì jókòó, kò tíì gbọ́ ẹjọ́. Ó kù kí lọ́yà sọ ẹni tó ni àdá àti ohun tí wọ́n fi ṣe.

Èyí ni ìpínrọ̀ tí a jọ tún kọ lẹ́yìn àríyànjiyàn náà:

“Ìyá ń bá Bàbá bínú, àmọ́ kò fẹ́ sọ ọ́ jáde. Ó kí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ‘fún ẹ̀wà inú àtẹ’ ni ìkíni náà lọ, kò kan ọkọ rẹ̀. Ó ṣe ohun tí àṣà ní kí ìyàwó ṣe, ó sì tún fi ojú tí kò gbé sókè gba ọ̀wọ̀ náà padà. Bó ṣe ń ju òkúta nù léraléra ń jẹ́ kí á rí ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ: ohun kan wà nínú ilé yìí tó fẹ́ kó kúrò.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fà yọ. Àwọn ọmọ máa ń há ìlà márùn-ún, mẹ́fà sórí, wọ́n á dà á sínú ìdáhùn, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ẹ ṣàlàyé dáadáa sàn ju ìlà mẹ́wàá tí ẹ kàn dà sílẹ̀. Ní ti gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, tíṣà mìíràn lè ní ọ̀rọ̀ òkúta náà ti jìnnà jù. Mo jẹ́ kó wà, torí inú àyọkà ni wọ́n ti mú un.

Nípa àwọn ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, tí ìbéèrè àti ìdáhùn ti wà nínú wọn: ẹ má fi wọ́n rọ́pò ìwé gangan. WAEC máa ń yí ìwé tí wọ́n yàn padà lọ́dún márùn-ún márùn-ún, nítorí náà àkókò wà láti wá ìwé náà kà. Ọmọ tó há ìdáhùn sórí kì í mọ ohun tó máa ṣe bí wọ́n bá yí ìbéèrè díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà ṣe kókó. Pépà 2, tó jẹ́ ti ìtàn àròsọ, ìbéèrè 2 ni wọ́n ń dáhùn ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15. Pépà 3, tó jẹ́ eré-oníṣe àti ewì, ìbéèrè 4 ni, fún wákàtí 2 àti ààbọ̀. Bí ẹ bá pín in, bí ìṣẹ́jú 37 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìpínrọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó dá múṣé ni ìṣẹ́jú yẹn lè gbà, kò gba ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyí tí mo fi ń ní kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan lọ́sẹ̀ kan nínú kíláàsì, tí mo sì ń máàkì àlàyé rẹ̀ nìkan. Àṣìṣe “he” àti “she” wà níbẹ̀, mo rí i, ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí bírò pupa bá bo gbogbo ojú ìwé, ọmọ kò ní mọ èyí tó máa kọ́kọ́ tún ṣe.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ò nílò Gẹ̀ẹ́sì kankan kí ẹ tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí ẹ bá jọ ń wo fíìmù Yorùbá tí ọmọ sì ní ọkùnrin yìí kò ṣeé fọkàn tán, ẹ bi í pé: “Níbo lo ti rí i?” Bó bá tọ́ka sí nǹkan, ẹ tún bi í pé: “Báwo nìyẹn ṣe fi hàn bẹ́ẹ̀?” Ìbéèrè méjèèjì ni gbogbo ohun tí mo ń ṣe ní kíláàsì.

Fún ọmọ SS3 tí ìdánwò ti sún mọ́, ẹ ní kó mú ìdáhùn kan tó ti kọ sẹ́yìn. Kó fi bírò búlúù fàlà sábẹ́ gbólóhùn tó ń sọ ìtàn, kó fi pupa fàlà sábẹ́ èyí tó ń sọ ohun tí ìtàn náà túmọ̀ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, búlúù ló máa ń gba gbogbo ojú ewé. Kó wá mú ìpínrọ̀ kan, kó yọ búlúù méjì kúrò nínú rẹ̀, kó yan ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tó kù, kó sì kọ gbólóhùn pupa mẹ́ta nípa ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, kó mú ìpínrọ̀ tó tẹ̀lé e.