Bí Bakitéríà Ìgbẹ́ Gbuuru Ṣe Ń Dì Mọ́ Ìfun Ọmọ Ènìyàn

Kí bakitéríà tó lè fa ìgbẹ́ gbuuru, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ibi dì mú nínú ìfun. Ìfun kì í dúró sójú kan: oúnjẹ àti omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, iṣan rẹ̀ ń tì wọ́n lọ sísàlẹ̀, ikun yíyọ̀ tí ó bò ó sì ń bọ́ dànù kí òmíràn lè rọ́pò rẹ̀. Kòkòrò tí kò ní ohun tí yóò fi rọ̀ mọ́ ibẹ̀ yóò bá ìgbẹ́ lọ ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà E. coli, bakitéríà tí Theodor Escherich ṣàpèjúwe ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1885, ń gbé inú wa láìpa wá lára. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó ní irinṣẹ́ ìkọlù ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ̀yà E. coli tí a ń pè ní ETEC ní fọ́nrán tíńtìntín lára, tí ó ń wá ṣúgà kan pàtó lójú sẹ́ẹ̀lì ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ láti lẹ̀ mọ́, bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó gba inú igbó kọjá. Wíwé ni fọ́nrán náà wé: bí omi bá ń fà á, yóò tú, yóò sì gùn sí i láìjá, bí omi bá dẹwọ́, yóò tún wé padà. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè máa yàgbẹ́ bí omi láti òwúrọ̀ di alẹ́ tí kòkòrò náà kò sì kúrò. Níbi tí ó dì mọ́ yìí ni ó ti ń da oró lé sẹ́ẹ̀lì, tí sẹ́ẹ̀lì yóò sì máa tú omi àti iyọ̀ sínú ìfun. Kòkòrò kọ́lẹ́rà, tí ó da Èkó láàmú ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ń ṣe ohun tí ó jọ èyí.

Ẹ̀yà mìíràn tí ń jẹ́ EPEC ni ó yà mí lẹ́nu jù lọ. Ọdún 1997 ni àwọn onímọ̀ tó fi hàn pé fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé ibi tí yóò dì mú wá. Ó ń gún sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ti purotéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tir wọ inú rẹ̀. Tir yóò yọrí síta lójú sẹ́ẹ̀lì náà, bakitéríà yóò sì fi purotéènì mìíràn, intimin, dì í mú ṣinṣin. Lábẹ́ maikirosíkóòpù alágbára, a ó rí i pé irun kéékèèké tí ìfun fi ń fa oúnjẹ mu ti pa rẹ́ níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà sì ti yọ gọngọ sókè, ó gbé ọ̀tá rẹ̀ rù.

Ẹ̀yà kẹta, EAEC, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke ti Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lé lórí, máa ń so mọ́ ara wọn, wọn á sì wọ́ jọ sínú ikun ìfun. Ìgbẹ́ tirẹ̀ lè ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lára ọmọdé.

Ní Muṣin tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ìyá máa ń bi mí pé, “Dókítà, omi tí mo ń fún un náà ló ń yà jáde, ṣé kí n kúkú dáwọ́ dúró ni?” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáwọ́ dúró. Ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ìfun fi ń gba iyọ̀ àti ṣúgà wọlé pọ̀ kì í bàjẹ́ nítorí oró ETEC tàbí ti kọ́lẹ́rà, omi sì máa ń tẹ̀ lé wọn. Ohun tí ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń po mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́, ń lò nìyẹn. Ẹ po ó mọ́ iye omi tí a kọ sára rẹ̀ gẹ́lẹ́, kí omi náà sì jẹ́ èyí tí a ti sè, pàápàá ní agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó tí kànga kò jìnnà sí sókáwéè. Ẹ má dá ọmú dúró pẹ̀lú, nítorí àwọn ṣúgà kan wà nínú wàrà ìyá tí ó jọ ti ojú ìfun. Kòkòrò a dì mọ́ wọn, wọn a sì jọ bá ìgbẹ́ lọ. Oògùn tí ń dá ìgbẹ́ dúró kò yẹ ọmọdé rárá. Síńkì ni kí ẹ fi kún un, mílígírámù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, tàbí 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ojú ọmọ jìn wọnú tí kò sì lè mu nǹkan, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.