Ilé Epo tí Kò Ní Ta Epo Mọ́

Ìyára gan-an ni ilé epo ń tà. Pọ́ǹpù kan lè da nǹkan bí 35 lítà sínú ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, onímọ́tò á sì bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ oníná bá wá gba ipò ọkọ̀ elépo, bátìrì kò mọ irú ìkánjú bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ oníná tí bátìrì rẹ̀ gba 60 kWh (kWh ni ìwọ̀n iná tó lè kó pamọ́; kW ni bí iná ṣe ń yára wọlé tó). Bí wọ́n bá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé tó ń fún un ní 3 kW ṣáájì rẹ̀, á gba wákàtí 20 kó tó kún láti òfo. Wákàtí 20 náà ni wọ́n ṣèlérí lóòjọ́ fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele oníbàárà tí wọ́n ń fún ní iná jù; ẹni tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ṣe é sọ. Ẹ̀rọ aláyára oní 60 kW lè gbé e láti 20 nínú 100 dé 80 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á dín iná tó ń gbà kù, bí ẹni tó ń bu omi sí garawa tó fẹ́ẹ̀ kún.

Ìṣẹ́jú 40 yìí ló máa ya ilé epo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlọrin sí Ọ̀fà kò tó 70 kìlómítà. Ọkọ̀ tó lè rin 300 kìlómítà á lọ, á bọ̀, olówó rẹ̀ á sì fi sí ṣáájì lálẹ́. Ilé epo ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo kò ní rí i kó yà. Ẹni tó ń ti Èkó gba Ìlọrin lọ sí Àbújá ló máa yà, nítorí Èkó sí Ìlọrin fẹ́ẹ̀ tó 300 kìlómítà. Tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kò tilẹ̀ ní dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìlọrin. Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa gba owó rẹ̀.

Kí ni èrò á máa fi ìṣẹ́jú 40 ṣe? Ọ̀pọ̀ ilé epo Ìlọrin ló ti ní mọ́sálásí. Kí awakọ̀ tó ṣe àlùwàlá, kó kírun, kó ra wàrà díndín, kó sì jẹun, bátìrì ti gbà. Èrè orí lítà epo kò tó nǹkan. Èrò tó jókòó jẹun lè mú èrè wá jù ú lọ.

Wáyà ni wàhálà. Ẹ̀rọ 60 kW mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ń fa 240 kW, bẹ́ẹ̀ àdúgbò mìíràn lódindi ń lo tírańsífọ́mà 300 kVA kan. Onílé epo ní láti ra tirẹ̀, kó fà á láti ara wáyà iná ńlá 11 kV. Òrùlé tó bo pọ́ǹpù, bó bá fẹ̀ tó mítà 20 sí 10, lè gba sólà bíi 40 kW. Iná tó bá kó jọ lọ́jọ́ kan á tó gbé ọkọ̀ bíi mẹ́rin sí márùn-ún láti 20 dé 80. Ẹni tó bá wá fi jẹnẹrétọ̀ ṣe é ti padà sídìí epo.

Táǹkì abẹ́ ilẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á fa epo tó kù jáde, wọ́n á lé afẹ́fẹ́ epo inú rẹ̀ kúrò, nítorí táǹkì òfìfo tí afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀ lè bú gbàmù ju èyí tó kún lọ. Wọ́n á wá hú u, tàbí kí wọ́n fi iyanrìn dí i. Bó bá ti ń jò láti ọdún pípẹ́, epo lè ti wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀, kànga sì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò ní Ìlọrin. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ àti omi ibẹ̀ wò.