Níbo ni "ní orúkọ Jésù" ti wọ àdúrà aláìsàn?

Gbólóhùn yìí ti mọ́ onígbàgbọ́ lẹ́nu débi pé bí a bá gbàdúrà fún aláìsàn tí a kò sọ ọ́, àfi bí ẹni pé àdúrà ò tíì parí. Orísun rẹ̀ kò sì sí lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Ẹ̀bá omi ló wà.

Ọjọ́ 3 ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fi rìn nínú aginjù Ṣúrì láìrí omi. Èyí tí wọ́n wá rí korò, ni wọ́n bá pe ibẹ̀ ní Márà. Mósè ju igi sínú rẹ̀, omi dùn. Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti wí pé, "Èmi ni OLÚWA tí ó mú ọ lára dá" (Ẹ́kísódù 15:26). Kò tíì sí ẹni tó ṣàìsàn nínú ìtàn náà, síbẹ̀ orúkọ àti ìwòsàn ti so pọ̀.

Lẹ́tà 4 (YHWH) ni Hébérù fi kọ orúkọ Ọlọ́run tí a túmọ̀ sí OLÚWA níbẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀wọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn Júù kò pè é mọ́. "Olúwa" ni wọ́n ń kà dípò rẹ̀. Jésù náà, nígbà tó ń kọ́ni ní àdúrà, ọ̀wọ̀ fún orúkọ Baba ló fi ṣáájú oúnjẹ òòjọ́.

Àmọ́ bí ẹ bá ka ìtàn bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń wo àwọn èèyàn sàn, ẹ ò ní rí i kó pe orúkọ lé aláìsàn lórí. "Dìde, gbé ibùsùn rẹ" ti tó. Àwọn tó rán ni wọ́n nílò orúkọ. Lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì tí wọ́n ń pè ní Dáradára, ọkùnrin kan tó ti lé ní 40 ọdún, tó yarọ láti inú ìyá rẹ̀ wá, tọrọ owó lọ́wọ́ Pétérù àti Jòhánù. Owó kò sí. Orúkọ Jésù ni Pétérù fún un, ó sì dìde. Lọ́jọ́ kejì ni àwọn àgbààgbà Júù bi wọ́n pé: "Agbára wo, tàbí orúkọ wo, ni ẹ fi ṣe èyí?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo rò pé ó tú ọ̀rọ̀ náà síta: ta ló rán yín?

Àwọn ọmọ méje tí Skéfà, olórí àlùfáà Júù kan, bí kò bìkítà fún ìyẹn. Wọ́n mú orúkọ Jésù bí ọfọ̀ láti fi lé ẹ̀mí búburú jáde ní Éfésù, ẹni tí ẹ̀mí búburú wà lára rẹ̀ sì lù wọ́n jáde níhòòhò. (Ẹ̀mí náà kọ́kọ́ béèrè pé, "Ta ni ẹ̀yin?")

Lẹ́tà Jákọ́bù ló sọ ọ́ di ìṣe ìjọ: kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n fi òróró kùn ún ní orúkọ Olúwa. Ní ọdún 416, Póòpù Innocent Kìíní ṣì kọ̀wé pé bíṣọ́ọ̀bù ló ń ya òróró náà sí mímọ́, ṣùgbọ́n gbogbo Kristẹni lè lò ó fún ara wọn àti fún àwọn èèyàn wọn. Nígbà tó yá, ó bọ́ sọ́wọ́ àlùfáà nìkan, ó wá di òróró ìkẹyìn, tí wọ́n ń fi sí ẹni tó ń kú lọ lára. Ọdún 1972 ni Póòpù Paul Kẹfà tún ìlànà náà ṣe, tí òróró fi padà sọ́dọ̀ àwọn tí àìsàn wọn le, kódà bí ọjọ́ ikú wọn kò tíì pé.