Ìbú ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ìbú ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni àyè tí ọ̀rọ̀, àwòrán àti àtẹ inú ojú ewé kan gbà láti apá òsì dé apá ọ̀tún lójú ẹ̀rọ ẹni tó ṣí i. Píksẹ́lì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ìyẹn àwọn tótòtó ìmọ́lẹ̀ tó para pọ̀ di ohun gbogbo tí a ń rí lójú skrín. Òòró ojú ewé kì í fa wàhálà púpọ̀, nítorí pé fífi ìka tì í sókè ti mọ́ gbogbo ènìyàn lára. Ìbú ló ṣòro, torí pé bí ojú ewé bá fẹ̀ ju skrín lọ, ìparí gbólóhùn á fara pamọ́, òǹkàwé á sì máa fà á lọ fà á bọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí oríṣi skrín kò tíì pọ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni àwọn tó ń ṣe ojú ewé máa ń yàn. VGA, ìlànà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gbé àwòrán sójú skrín, tí iléeṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1987, ní píksẹ́lì 640 ní ìbú àti 480 ní òòró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni skrín oní-800 gbòde, kí oní-1024 tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ewé tí wọ́n bá ṣe fún skrín 800 kì í sábà ju 760 lọ, èyí tí wọ́n bá sì ṣe fún 1024 sábà máa ń jẹ́ 960, nítorí pé etí fèrèsé (àpótí tí ojú ewé ń ṣí sí lójú skrín) àti ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí a fi ń fa ojú ewé sókè sódò ń jẹ nínú àyè náà. Àǹfààní mìíràn tí 960 ní ni pé ó ṣeé pín sí ọ̀nà 2, 3, 4, 5, 6, 8, 12 àti 16 láìṣẹ́ kù, òun sì ni Nathan Smith fi ṣe ìpìlẹ̀ 960 Grid System, ètò òpó tí àwọn tó ń ṣe ojú ewé lè to nǹkan lé, ní 2008.

Fóònù ló da ètò yìí rú. Skrín iPhone àkọ́kọ́, tó jáde ní 2007, kò fẹ̀ ju 320 lọ, ṣùgbọ́n aṣàwákiri (browser) inú rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé fèrèsé òun tó 980, á wá sún gbogbo ojú ewé náà kì títí tí yóò fi wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ fóònù Android ṣì ń ṣe sí ojú ewé tí kò bá ní àṣẹ "width=device-width" ní orí HTML rẹ̀, ìyẹn èdè tí a fi ń kọ ojú ewé. Lórí fóònù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 360, lẹ́tà tí wọ́n kọ ní 16 á di nǹkan bíi 6, èyí tí àgbàlagbà kò lè kà láìfi ìka méjì fẹ̀ ẹ́.

Ní oṣù karùn-ún 2010, Ethan Marcotte, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọ̀nà mìíràn: kí ìbú jẹ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún dípò píksẹ́lì, kí àwòrán má lè tóbi ju àpótí tó wà nínú rẹ̀, kí CSS, èdè tí a fi ń sọ bí ojú ewé yóò ṣe rí, sì máa béèrè bí fèrèsé ṣe fẹ̀ tó kí ó tó to nǹkan. Irú àṣẹ ìbéèrè yìí di ìlànà W3C, àjọ tó ń gbé ìlànà ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ní 2012. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan mọ́ láti yan nọ́ńbà kan fún gbogbo ènìyàn.

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín píksẹ́lì tó wà lára skrín àti èyí tí CSS ń kà. Ẹni tó ra fóònù ní Kàbà lè rí 1080 lára páálí rẹ̀, síbẹ̀ kí fóònù náà sọ fún ojú ewé pé 360 péré ni òun, nítorí pé píksẹ́lì mẹ́ta ló ń kà sí ẹyọ kan kí lẹ́tà má baà kéré jù. Nọ́ńbà ara páálí kọ́ ni a fi ń ṣètò ojú ewé.

Skrín tó fẹ̀ púpọ̀ ní ìṣòro tirẹ̀. Lórí skrín 1920, ìlà tó lọ láti etí dé etí lè kọjá 200 lẹ́tà, ojú á sì máa ṣìnà nígbà tó bá ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó kàn. Lẹ́tà 45 sí 75 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to ìwé kà sí ìwọ̀n tó dára, èyí sì ni a ń fi "max-width: 65ch" ṣe nínú CSS, níbi tí "ch" kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ìbú òdo kan nínú irú lẹ́tà tí a lò. Ẹni tó ń kọ Yorùbá ní láti ṣọ́ra bó bá ní kí kọ̀ǹpútà bá òun ka lẹ́tà: "ẹ́" jẹ́ ẹyọ kan lójú wa, ṣùgbọ́n Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà oríṣiríṣi èdè mọ̀, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún un, "ẹ" àti àmì ohùn ni wọ́n ń so pọ̀, iye tí kọ̀ǹpútà bá sọ á sì pọ̀ ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Ìwọ̀n "ch" kò ní àléébù yìí.

Àtẹ ló ń fi ìṣòro ìbú hàn jù. Ká ní ẹnìkan ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí fẹ́ to ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ka èdè Òkun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: òpó kan fún Yorùbá àjùmọ̀lò, márùn-ún fún Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká oní-1366, ó dùn ún wò. Lórí fóònù 360, òpó kọ̀ọ̀kan á ní 60; bí a bá yọ 8 kúrò lápá òsì àti 8 lápá ọ̀tún, ó ku 44, lẹ́tà márùn-ún tàbí mẹ́fà ló sì lè gbà. Ọ̀nà kan ni kí àtẹ nìkan wà nínú àpótí tó ṣeé fà sí ẹ̀gbẹ́, kí ìyókù ojú ewé dúró. Èyí tó sàn jù fún irú àtẹ yìí ni kí ìlà kọ̀ọ̀kan di àkójọ tirẹ̀ lórí fóònù: ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò lókè, ẹ̀ka èdè márààrún lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń fa àtẹ sí ẹ̀gbẹ́ kì í pẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ń fi wéra.

Àwọn kan máa ń wo àkọsílẹ̀ àlejò láti mọ irú skrín tó ń wọlé jù. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó lè tanni jẹ. Ìbú skrín ni ọ̀pọ̀ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà, kì í ṣe ìbú fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní skrín 1920 lè ṣí fèrèsé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Yàtọ̀ sí èyí, bí ojú ewé kò bá ṣeé kà lórí fóònù, oní-fóònù tó wá lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá, àkọsílẹ̀ á sì máa sọ pé oní-kọ̀ǹpútà ló pọ̀. Ojú ewé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, tí àwọn tó wà ní Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú àti àwọn tó wà ní Èkó tàbí òkè òkun jọ ń kà, kò gbọdọ̀ fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan ṣe ìpinnu.

Ìlànà WCAG 2.1, tí W3C gbé jáde ní 2018 kí àwọn aláàbọ̀ ara náà lè lo ojú ewé, ní kí ọ̀rọ̀ ṣeé kà ní ìbú 320 láìfà á sí ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe nítorí fóònù kékeré nìkan: ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tó sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́rin lórí skrín 1280, 320 náà ló kù fún un. Àtẹ àti àwòrán ilẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba irinṣẹ́ olówó iyebíye. A ó ṣí ojú ewé náà lórí kọ̀ǹpútà, a ó lọ sí ibi tí aṣàwákiri ti ń fi bí fóònù yóò ṣe rí i hàn, a ó sì máa fa etí rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ láti 1366 dé 320. Ohun tó bá kọ́kọ́ yọ sóde sábà máa ń jẹ́ àtẹ, àwòrán tí wọ́n fún ní ìbú píksẹ́lì, tàbí líǹkì gígùn kan tí kò ní ibi tó ti lè kán.