Ìfigagbága ọmọ ìyá: kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìfigagbága ọmọ ìyá ni kí àwọn ọmọ inú ilé kan náà máa bá ara wọn du ojú rere òbí. Owú ni gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n á ní rìmóòtù làwọn ń jà sí, tàbí ẹran, tàbí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń wádìí gan-an ni ẹni tí màmá fẹ́ràn jù.

Alfred Adler, oníṣègùn ará Austria, fi àkọ́bí tí wọ́n bí àbúrò lé wé ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè. Ará Ọ̀yọ́ kò nílò kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún òun. Àrẹ̀mọ tó ti ń dá jẹ itan adìẹ fún ọdún 3 ṣàdédé rí i pé àlejò tó wá síbi ìkómọ kò tilẹ̀ bojú wo òun. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní, tàbí tó ń já ọmọ tuntun léèékánná, ẹ má wá aládùúrà kiri. Ẹ fún un níṣẹ́ lọ́jọ́ ìkómọ, kó gbé àwo obì tàbí oyin, kí ẹnì kan nínú ẹbí sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan lọ́jọ́ náà. Ìdòwú tí à ń pè ní Èṣù lẹ́yìn ìbejì ńkọ́? Ojú gbogbo ilé ti wà lára Táyé àti Kẹ́hìndé kó tó dé. Ta ni yóò wò ó bí kò bá fọ́ nǹkan?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nílé wa ni "Ìwọ lẹ̀gbọ́n, fi sílẹ̀ fún un." Àbúrò á mọ̀ pé bí òun bá ti bú sẹ́kún, nǹkan ti di tòun, ẹ̀gbọ́n á gbà pé ìyà ni ipò àgbà. Òmíràn ni "Ta ló kọ́kọ́ nawọ́?" Ìbéèrè yẹn ń sọ òbí di adájọ́, á sì sọ ọmọ méjèèjì di lọ́yà.

Bí ìjà bá bẹ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òkúta, igi tàbí eyín wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ là wọ́n, kí oníkálùkù jókòó lọ́tọ̀ títí inú wọn á fi rọ̀. Bí kò bá sí, ẹ dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń parí fúnra rẹ̀. Bó bá ń le sí i, ẹ gba ohun tí wọ́n ń jà sí, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rojọ́ fún ìṣẹ́jú 1 láìjẹ́ pé èkejì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí àwọn fúnra wọn wá sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Ní ti máńgòrò tàbí ẹran, kí ọ̀kan gé e, kí èkejì kọ́kọ́ mú: ẹni tó mú ọ̀bẹ á gé e dọ́gba. Bí ẹ bá ní àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, kí àbúrò gé e. Àṣà kò bàjẹ́.

Lójoojúmọ́, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 10 sí 15 tòun nìkan, láìsí fóònù lọ́wọ́. Kí ọ̀kan tẹ̀ lé yín dé ọjà Akẹ̀sán, kí èkejì bá yín ṣa ẹ̀wà gbẹ̀gìrì.

Ẹ̀yin olùkọ́, "Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í ṣe báyìí" ń da epo síná ni. Ẹ má ka máàkì ọmọ ìyá méjì sókè. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ń dáhùn fún èkejì ṣáá, ẹ ya ìjókòó wọn.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ọmọ kan náà ló ń jìyà nígbà gbogbo, tí ojú ọgbẹ́ wà lára rẹ̀, tàbí tó ń bẹ̀rù kí ẹ fi òun àti èkejì nìkan sílẹ̀, kì í ṣe ìfigagbága mọ́. Ìfìyàjẹni ni. Ẹ dá sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fi àwọn méjèèjì sílé láìsí àgbà.