Ohun tí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú eré

Eré orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ń kọ jẹun. Àwọn òbí sì máa ń bi mí bóyá eré lè yí èrò ọmọ wọn padà. Ó lè yí i padà, èrò àwọn òbí náà kò sì gbẹ́yìn. Àmọ́ ẹnu òṣèré ni wọ́n ń ṣọ́, èébú àti ọ̀rọ̀kọ́rọ̀, bẹ́ẹ̀ ibòmíràn ni nǹkan náà ń gbà wọlé.

Ẹ wo ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ní 1960, obìnrin kan níbẹ̀ ń bí tó ọmọ mẹ́fà. Ní 2000, ó ti dín sí méjì àti díẹ̀. Iléèwé, iṣẹ́ àti ìgbé ayé ìlú ńlá wà lára ohun tó fà á. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí mẹ́ta, Eliana La Ferrara, Alberto Chong àti Suzanne Duryea, tún wo ọdún tí àwòrán Rede Globo, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé eré jáde níbẹ̀, kọ́kọ́ dé àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti dé, ìbímọ ń dín kù, pàápàá láàrin àwọn obìnrin tálákà. Àwọn òbí ibẹ̀ tilẹ̀ ń fi orúkọ ẹ̀dá inú eré sọ ọmọ. Ìwàásù kọ́ ló ṣe é. Ìdílé inú àwọn eré náà kàn kéré ni: nínú 100 obìnrin tó jẹ́ òpó ìtàn, tí wọn kò ju ọmọ àádọ́ta ọdún lọ, bíi 72 ni kò bímọ rárá, 21 sì ní ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó yà lẹ́nu nínú eré, nígbà tó sì pẹ́, kò ya òǹwòran náà lẹ́nu mọ́.

Ní Nàìjíríà níbí, àwọn olùwádìí fi MTV Shuga, eré tẹlifíṣọ̀n kan lórí àwọn ọ̀dọ́ àti àrùn HIV, han àwọn ọ̀dọ́ kan, wọ́n fi eré mìíràn han àwọn yòókù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, àwọn tó wo Shuga tó lọ ṣe àyẹ̀wò HIV tó ìlọ́po méjì àwọn yòókù. Àwọn tí ìtàn náà gbé lọ jù ló yí padà jù. Ẹni tí ìtàn bá gbé lọ kì í ráyè jiyàn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ìyá arúgbó inú sinimá àgbéléwò wa. Ọjà ọmọ kò tà, oyún ìyàwó bàjẹ́, ìyá àgbà ni àwòrán yóò dúró lé lójú. Kò sẹ́ni tó sọ pé àjẹ́ ni gbogbo arúgbó. Kìkì pé kò sí arúgbó mìíràn nínú eré náà ni. Mo ti kọ irú rẹ̀ rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí mo mọ ìdílé tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá jọ ń wò ó nílé, ẹ má wulẹ̀ sọ fún ọmọ pé irọ́ ni. Ẹ bi í pé: ìyá yìí, iṣẹ́ wo ló ṣe kó tó darúgbó? Ta ló ń gbọ́únjẹ fún un?